Onílé, Ẹ Má Fi Àgádágodo Gba Gbèsè

Bí ayálégbé bá jẹ owó oṣù méjì ní Abobo tàbí Yopougon l'Abidjan, àwọn onílé kan á gé iná rẹ̀, wọn á fi àgádágodo tiwọn ti ilẹ̀kùn pa, ìyá àtọmọ á sì sun àárín àgbàlá mọ́jú. Ìwà yìí burú. Lóòótọ́, bàbá tó fi èrè ọjà Adjamé kọ́lé, owó ilé náà ló ń jẹ lọ́jọ́ ogbó. N kò ní kó fi gbèsè náà jin ayálégbé. Àmọ́ ẹ wo owó tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ ìkówọlé: òfin ilé ti ọdún 2019 ní Côte d'Ivoire ní kí onílé má gbà ju owó oṣù méjì fún ìdógò àti méjì àsansílẹ̀ lọ. Fún yàrá 50,000 CFA lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200,000. Àwọn kan ṣì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti gbọn àpò rẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ tó kó wọlé, kí ni yóò san bí ọjà kò bá tà? Ẹ̀yin ará Èjìgbò tẹ́ ẹ ti di onílé l'Abidjan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ayálégbé yín jókòó, ẹ pín gbèsè náà sí oṣooṣù, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ilé ẹjọ́ ni kẹ́ ẹ gbà lọ.