Ẹ̀rọ Ìdè Síkúrú Tí Kò Ní Wáyà: Èwo Ló Yẹ Fún Iṣẹ́ Káfíńtà Kéékèèké?

Ọ̀rọ̀ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí kan baálé ilé tí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún kọ́bọ́ọ̀dù ṣe, ó sì kan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ra ju ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ra èyí tí kò yẹ, kì í ṣe owó nìkan ni yóò ṣòfò: pákó oníbàárà yóò sán, orí síkúrú yóò jẹ, orúkọ rere tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá yóò sì bàjẹ́.

Oríṣi mẹ́ta ni a sábà ń rí lọ́jà. Èkínní ni kékeré tí bátìrì rẹ̀ kì í sábà ṣe é yọ, tí agbára iná rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3.6 tàbí 4. Ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì mú irú èyí jáde ní ọdún 2003, ó pè é ní IXO, bátìrì lítíọ́ọ̀mù ni ó sì ń lò. Ó wúlò fún híńjì kọ́bọ́ọ̀dù tí a ti lu ihò rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e kan ìrókò tàbí apá, yóò dákẹ́ láìparí iṣẹ́. Èkejì ni ti fóòtì 12, tí bátìrì rẹ̀ ń yọ, tí ìwúwo rẹ̀ sì wà ní nǹkan bí kílò kan. Ẹ̀kẹta ni ti fóòtì 18, alágbára tí ó yẹ fún igi òrùlé, ṣùgbọ́n tí í máa ń rẹ apá ẹni tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́: fún iṣẹ́ kéékèèké, ti fóòtì 12 ni a yàn.

Nínú ti fóòtì 12 pàápàá, ẹ ó rí irú méjì. Ọ̀kan ní òrùka tí a kọ nọ́mbà sí lára, ẹnu rẹ̀ sì ń di irin tí a fi ń lu ihò mú. Èkejì a máa lu bí òòlù bí ó ti ń yí, irin onígun mẹ́fà nìkan ni ó sì ń gbà. Èyí ni ó lágbára jù fún síkúrú gígùn, ṣùgbọ́n ó lè yára ṣẹ́ síkúrú kékeré. Ẹni tí yóò ra ẹyọ kan ṣoṣo, kí ó ra olórùka. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́mbà kékeré, kí ó dán an wò lára àfọ́kù pákó, kí ó sì máa yí i sókè títí orí síkúrú yóò fi bá ojú pákó dọ́gba. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́mbà ara páálí tàn yín jẹ. Sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí fóòtì 3.6, bí iná bá kún inú rẹ̀, a máa tó 4.2. Sẹ́ẹ̀lì 3 jẹ́ 10.8, èyí ni wọ́n ń pè ní 12. Sẹ́ẹ̀lì 5 jẹ́ 18, èyí ni àwọn mìíràn ń pè ní 20 tàbí 21. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀rọ pẹ́pẹ́pẹ́ tí a kọ 48 tàbí 88 sí lára, ẹ béèrè iye sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kí ẹ tó tú àpò.

Ọ̀rọ̀ bátìrì tún kù. Lẹ́tà Ah ni ó ń sọ bí yóò ti pẹ́ tó: Ah 4 yóò ṣiṣẹ́ ní ìlọ́po méjì Ah 2, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ. Níbi tí iná kì í dúró, bátìrì Ah 2 méjì sàn ju Ah 4 kan lọ, nítorí pé ọ̀kan yóò wà lẹ́nu iná nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ará ilé bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ wo ara ṣájà rẹ̀. Iná tiwọn jẹ́ fóòtì 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Bí a kò bá kọ 100 sí 240 síbẹ̀, ẹ má ṣe kì í bọ iná ilé.

Ní ìsọ̀ olùtajà, ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ mọ̀ bóyá yóò yí jẹ́jẹ́, ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹ sì béèrè bí a bá lè rí bátìrì rẹ̀ rà lọ́tọ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má ṣe fi bátìrì sínú oòrùn tàbí inú ọkọ̀ tí ó ti gbóná, ẹ má sì jẹ́ kí ó wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kí ẹ tó dè síkúrú mọ́ igi líle, ẹ kọ́kọ́ lu ihò tí ó tín-ín-rín ju síkúrú náà lọ. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ yóò tọ́jọ́, oníbàárà rẹ̀ yóò sì tún padà wá.