Ta Ló Gbẹ́ Ẹ?

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́ kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ tòní.

Ní ìparí sáà tó kọjá, mo lẹ àwòrán àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé "Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa". Inú mi dùn sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró síwájú ògiri náà, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, orúkọ mi dà?" Mo ní gbogbo yín lẹ ni ín. Ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ya èyí." Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò kọjá odò ní Woolwich ló yà, ó sì to àwọn obìnrin onígèlè mẹ́ta sínú rẹ̀. Nígbà tí màmá rẹ̀ wá mú un lọ sílé, àwòrán ọmọ ẹlòmíràn ni ìyá ń yìn. Kò mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo ṣe lára ògiri yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ mùsíọ́ọ̀mù ti ń ṣe sí wa láti ọjọ́ pípẹ́: wọ́n á gbé ère kalẹ̀ sínú gíláàsì, wọ́n á kọ "Yorùbá" sí i lábẹ́, ó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ti sáà yìí tò. Láti ayé àtijọ́ títí dòní, ìbéèrè kan ṣoṣo là ń bi níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ta ló ṣe é?

Ìtòsí ilé la ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Royal Arsenal kọjá lọ sí etí odò, ilé bíríkì àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Royal Brass Foundry. 1717 ni wọ́n kọ́ ọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ idẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìbọn àgbá fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ìjàǹbá ló gbé iṣẹ́ náà wá sí Woolwich. Ní 1716, níbi tí wọ́n ti ń da idẹ ní Moorfields láàárín ìlú London, ọ̀rinrin wà nínú amọ̀ tí wọ́n da idẹ gbígbóná sí, gbogbo rẹ̀ bú gbàmù, ó sì pa ènìyàn.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kí wọ́n lè mọ irú iṣẹ́ tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ń ṣe ní bíi 300 ọdún sí 500 ọdún ṣáájú ilé yẹn. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń mọ bí orí, wọ́n á fi ìda oyin bò ó, lára ìda yìí ni wọ́n sì ti ń fín ojú, ètè àti àwọn ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lójú. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi iná sí i kí ìda lè yọ́ jáde kí amọ̀ sì gbẹ dáadáa. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni wọ́n ń da idẹ sí. Bí ọ̀rinrin bá kù níbẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Moorfields náà ni. Àwọn kan nínú orí wọ̀nyẹn tilẹ̀ jẹ́ bàbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlú rárá, bẹ́ẹ̀ bàbà ṣòro dà ju idẹ lọ. Ọmọkùnrin kan ní, "Nígbà náà, ẹnjiníà ni wọ́n." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ló ṣe wọ́n? Àwọn ará Ifẹ̀ máa ń dá orúkọ Ọbalùfọ̀n mọ́ iṣẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn fín ìda yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyẹn yé mi, ọjọ́ ti pẹ́. Èyí tí kò yé mi ni ti Leo Frobenius, ará Jámánì tó dé Ifẹ̀ ní 1910. Ó rí orí Olókun, ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu, ló bá ní iṣẹ́ àwọn Gíríìkì tó wá láti Atlantis, ìlú tí òkun gbé mì, ni. Ẹ gbọ́ o! Ó dúró sínú ilé onílé, kò bi onílé, ó lọ wá ẹni tó ni ín nínú àlọ́. Ní 1938, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń walẹ̀ ní agboolé Wúnmoníjẹ̀ hú orí tó ju mẹ́wàá lọ jáde láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀ kan náà. Ọ̀kan nínú wọn dé British Museum ní 1939, ó sì wà níbẹ̀ di òní.

Igi kì í pẹ́ bí idẹ. Ikán ń bẹ, òjò ń bẹ. Ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tí a mọ̀ pé ó ṣì wà láyé kò sí nílé; ìlú Ulm ní Jámánì ló wà. Allada, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òní, ni wọ́n ti rà á, ó sì ti wà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Christoph Weickmann kó tó di 1659. A mọ orúkọ ẹni tó kó o jọ. Orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ ńkọ́? Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ni ọmọ kan ti dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Wọn ò bèèrè."

Ẹni tí mo fẹ́ kí ọmọ yín máa rántí jù lọ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ààfin Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn ọba ìlú mìíràn sì máa ń ránṣẹ́ pè é. Nǹkan bí 1910 sí 1914 ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Mo fi àwòrán ìlẹ̀kùn náà han àwọn ọmọ, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n rí ọba tó jókòó pẹ̀lú adé, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní apá kejì, wọ́n rí òyìnbó kan tí àwọn aláàárù gbé sórí, tó ká eékún jọ sínú ohun tí wọ́n fi gbé e. Captain Ambrose nìyẹn, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá kí Ògògà. "Ó dà bíi pé ara ò rọ òyìnbó yẹn," ni ọmọbìnrin kan wí. Ó tọ̀nà. Ọlọ́wẹ̀ ò kọ ìwé ẹ̀sùn, ó kàn gbẹ́ ohun tó rí, ó sì jẹ́ ká mọ ẹni tó jókòó dáadáa láàárín àwọn méjèèjì.

Ní 1924, wọ́n gbé ìlẹ̀kùn yìí wá síbi àfihàn ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. British Museum fẹ́ rà á. Ògògà kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló ní kí wọ́n ṣe, kí wọ́n ṣe àga ọba láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òun. Bí ìlẹ̀kùn náà ṣe dúró sí London nìyẹn. Bóyá ọjà náà dára fún Ìkẹ́rẹ́, mo fi sílẹ̀ fún yín láti bá àwọn ọmọ yín jiyàn lé lórí. Tèmi ni pé ẹni tó ni àga ló jẹ gbèsè.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, 50 ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, John Pemberton, lọ sí Ìsẹ̀, ó sì bá ọ̀kan nínú àwọn opó rẹ̀, Olójúifun. Màmá náà ki oríkì ọkọ rẹ̀ fún un: ibi tó ti ṣiṣẹ́, àwọn ọba tó gbẹ́gi fún, irú igi tó ń bá jà. Ẹ̀yin òbí, ẹ wò ó. Kò sí orúkọ lára igi, ṣùgbọ́n orúkọ wà lẹ́nu. Ẹni tó bá bèèrè ni wọ́n ń sọ fún.

Ti àwọn obìnrin wa tó ń ṣe àdìrẹ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ló dùn mí jù. Aṣọ ní orúkọ: Ìbàdàndùn, tí wọ́n ya òpó ilé Mápó sí, Olọ́ba, tí wọ́n ṣe fún àjọyọ̀ 25 ọdún King George lórí ìtẹ́ ní 1935. Ìyá tó kọ́kọ́ fi ẹ̀kọ ya òpó Mápó ńkọ́? Bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Plumstead níbí, kò sì mọ̀.

Àìná Ọnàbólú ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà mìíràn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí i sí ní 1882. Ní ayé ìgbà yẹn, àwọn òyìnbó kan gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya ojú ènìyàn kó jọ ọ́. Ní 1906, Ọnàbólú ti ya Mrs Spencer Savage, ó sì jọ ọ́. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 35 kó tó wá sí London ní 1920 láti kọ́ iṣẹ́ ní St John's Wood. Nígbà tó padà sí Èkó, ó jà títí tí ìjọba fi gbà pé kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní àwòrán yíyà. Àwọn òbí kan máa ń bi mí bóyá kí ọmọ wọn mú Art fún GCSE. Ìdáhùn mi tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n lọ mú èyí tó ń mówó wá. N kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé mo ti wo ohun tí ọmọ náà yà.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti ń hàn lára iṣẹ́. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, jẹ́ mùsùlùmí, ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì máa ń fín orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ní Òṣogbo, Dúró Ládípọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣí Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, ibẹ̀ la sì ti mọ Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami. Ọ̀rọ̀ Òṣogbo pọ̀ ju èyí lọ, mo máa yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ti òde òní láìnáwó, ẹ wọ bọ́ọ̀sì 177 láti Thamesmead, kí ẹ sọ̀ ní Greenwich. Níta National Maritime Museum, ẹ ó rí ìgò ńlá kan tí ọkọ̀ ojú omi Nelson wà nínú rẹ̀, ìgbòkun rẹ̀ sì jẹ́ aṣọ tó jọ ankara tí gbogbo wa ń wọ̀ lọ sóde. Yinka Shonibare ló ṣe é. London ni wọ́n bí i sí ní 1962, Èkó ló dàgbà sí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí Trafalgar Square ní 2010 kó tó wá síbí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka orúkọ tó wà níbẹ̀ sókè.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, a máa tún ògiri ẹnu ọ̀nà ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú pẹ́ńsù wá. Kí ẹ̀yin náà wo inú ilé yín: àpótí, ìlù, àdìrẹ, ère ìbejì tí ìyá àgbà kó fún yín. Ẹ bá wa wádìí orúkọ ẹni tó ṣe é. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ ẹ̀gbọ́n yín láago nílé. A máa kọ àwọn orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ tàwọn ọmọ.

Ọmọ tó bi mí léèrè yẹn ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó gbàgbé àmì kan lórí rẹ̀. Mo ti rí i, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé, kó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí i.