Ẹyọ Tẹ́tẹ́ Ayédèrú àti Ẹ̀wọ̀n Ọdún Márùn-ún

Nínú ilé tẹ́tẹ́ ńlá, kì í ṣe owó ni wọ́n ń kó sórí tábìlì. Ẹni tí ó bá wọlé yóò kó owó rẹ̀ fún akápò, akápò yóò sì fún un ní ẹyọ róbótó tí orúkọ ilé náà wà lára rẹ̀. Jeton ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Ẹni tí ó bá ṣe ayédèrú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń tẹ owó nínú yàrá rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, ilé tẹ́tẹ́ Borgata ní ìlú Atlantic City, ní Amẹ́ríkà, ṣe ìdíje póókà, eré káàdì kan. Ọkùnrin kan nínú àwọn òǹdíje yọ́ ẹyọ ayédèrú pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù bà á pé àṣírí fẹ́ tú, ó da ìyókù sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí ó sùn sí, ó sì tú omi lé e. Ẹyọ náà kò lọ. Ó dí ọ̀pá omi ìdọ̀tí pa, omi sì ń jò títí àwọn àlejò fi figbe ta. Báyìí ni ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 2015, adájọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ó tún ní kí ó san dọ́là 463,540 fún Borgata, àti dọ́là 9,455 fún òtẹ́ẹ̀lì nítorí ọ̀pá tí ó bàjẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ìyà náà pọ̀ jù, nítorí ẹyọ ìdíje kò ṣe é pààrọ̀ sí owó. Lóòótọ́, ẹ̀sùn pé ó ṣe ayédèrú àmì oníṣòwò, tí ó sì ba nǹkan jẹ́, ni òfin fi mú un. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà tọ́. Ẹyọ ni agbára òǹdíje: bí tirẹ̀ bá tán, ó di dandan kí ó dìde. Ta ni ó lè mọ iye ènìyàn tí ẹyọ ayédèrú lé kúrò ní tábìlì? Ìyá aláta ní ọjà Kétu tí wọ́n ti fi owó ayédèrú ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ rí yóò tètè lóye èyí.

Òǹdíje 27 ni ó kù nígbà tí wọ́n dá ìdíje náà dúró. Lẹ́yìn náà, àwọn alákòóso tẹ́tẹ́ pàṣẹ kí wọ́n dá dọ́là 560, owó ìwọlé, padà fún àwọn tí ọ̀ràn náà lè ti kàn. Owó ọkọ̀ àti owó yàrá tí wọ́n sùn sí kò sí nínú rẹ̀.