Owó Dé, Ẹ̀jẹ̀ Kò Dé

Ẹni tó bá mọ Oko Ọba l'Agege dáadáa mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí ariwo fi máa ń sọ níbẹ̀. Màlúù ń ké, alápatà ń pọ́n ọ̀bẹ, alágbàrù ń pariwo "àgò o, àgò lọ́nà!" Àárín ariwo yìí ni ìyá kan ti ń ta pọ̀nmọ́ láti ọdún mọ́kànlélógún wá. Ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹ̀rín ló sì fi ń pe oníbàárà. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́jọ báyìí, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu ìyá yìí. Ọmọ ọwọ́ kan ló ń pọ̀n tajà. Oníbàárà tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á ní, "Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o!" Ìyá á kàn mi orí ni.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà ti kú.

Aránṣọ ni olóògbé yìí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Òru ọjọ́ Ẹtì kan ló rọbí. Ó bímọ, ọmọ ké, wọ́n ní ọkùnrin ni. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, kò sì dá. Dókítà ní kí wọ́n tètè wá ẹ̀jẹ̀ páìǹtì mẹ́ta wá. Ìyá sá síta, ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Manchester, nílùú Òyìnbó.

"Ọkọ mi, àbúrò ẹ ń kú lọ o!"

"Màmá, ẹ má sunkún. Èló ni wọ́n ń bèèrè? Ẹ ní kí wọ́n má wo ti owó. Mo ti ń fi ránṣẹ́ báyìí."

Lóòótọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí fóònù fi dún. ₦400,000 ti wọlé. Owó dé. Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Fíríjì tó yẹ kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sí nílé ìwòsàn náà ti bàjẹ́ tipẹ́. Bàbá ọmọ sáré dé ibi kejì, wọn ò ní irú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ó sáré dé ibi kẹta, wọ́n ní kó lọ mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní pàṣípààrọ̀ wá. Nígbà tó fi máa gbé páìǹtì kan ṣoṣo dé, ilẹ̀ ti mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Púpọ̀ nínú ₦400,000 yẹn ṣì wà ní báǹkì dòní olónìí. Òkú ọ̀fọ̀ kì í gba aṣọ ẹbí, kì í gba eléré. Ìyá ní ìgbà yòówù tóun bá rí owó náà nínú fóònù, ńṣe ló ń ṣe òun bíi pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun lòun ń wò.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: owó tó bá dé lẹ́yìn tí àìsàn ti wọlé, kò lè ra ohun tí kò sí nílẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé ahun làwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Rárá o. Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2023, owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ìdálẹ̀ fi ránṣẹ́ sílé tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 20 dọ́là. Owó oúnjẹ wà ńbẹ̀, owó ilé ìwé wà ńbẹ̀, owó ilé kíkọ́, owó ìsìnkú, owó oògùn. Owó rere ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹyọ ẹyọ ló ń wọlé, ẹyọ ẹyọ ló sì ń jáde. Ilé kọ̀ọ̀kan ń pọn omi sínú ìkòkò tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí iná bá sọ, kò wá sí kànga ládùúgbò.

Nínú gbogbo náírà 10 tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó tó nǹkan bíi 7 tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde. Síbẹ̀, kí là ń rí? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lọ́dún 2023, nínú obìnrin 100 tó kú lágbàáyé nítorí oyún tàbí ìbímọ, ó lé ní 25 tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ sì wà lára ohun tó ń pa wọ́n jù.

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe pọ̀nmọ́ tí wọ́n ń rẹ sómi. Fíríjì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló ń gbé, tí ooru kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ dì. Bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó lè lo ọjọ́ 35. Kí wọ́n tó fà á sí ẹnikẹ́ni lára, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò éèdì tàbí àrùn mẹ́dọ̀wú wà nínú ẹ̀. Bí iná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn tó máa gbé fíríjì, ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́ bí ẹran tí kò rí yìnyín. Ta ni nínú ẹbí kan ṣoṣo tó lè dá gbogbo èyí rà ní òru ọjọ́ tí ìyàwó rọbí?

Ẹni tó ń wọ mọ́tò gba Mobolaji Bank Anthony Way kọjá n'Ikeja, ǹjẹ́ ó mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì náà? Oníṣòwò ni Sir Mobolaji Bank Anthony, tó kú lọ́dún 1991. Òun ló fi Ayinke House, ilé ìgbẹ̀bí tó wà nínú ọgbà LASUTH n'Ikeja, ta ìjọba lọ́rẹ. Àìmọye ọmọ ni wọ́n ti bí síbẹ̀, tí ìyá wọn ò sì mọ ọkùnrin náà rí. Ọrẹ tó ń pẹ́ láyé nìyẹn.

Ẹnì kan lè ní, "Bank Anthony lówó, èmi ò ní." Òótọ́ ni. Àwọn tí kò ní tó bẹ́ẹ̀, àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà. L'Agege yìí kan náà, lọ́dún 1907, àwọn olóko kòkó tí J. K. Coker wà níwájú wọn dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀. Wọn ò fi ìmọ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ẹní. Agege wà lára ibi tí ìmọ̀ ọ̀gbìn kòkó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ wo orílẹ̀-èdè Philippines ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà. Nọ́ọ̀sì wọn kún ilé ìwòsàn London àti Amẹ́ríkà bíi tiwa. Lọ́dún 2023, owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé lé ní bílíọ̀nù 35 dọ́là. Ṣùgbọ́n láti 1989 ni ìjọba wọn ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní LINKAPIL, tó ń gba ọrẹ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn lókè òkun, tó sì ń darí rẹ̀ sí ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìrànwọ́ mẹ̀kúnnù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ń padà wálé: láti 1975 ni wọ́n ti ń fi ètò pàtàkì pè wọ́n wá, lọ́dún 2018 wọ́n sọ ètò náà di òfin. Ní Mexico ẹ̀wẹ̀, láti 2002, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà l'Amẹ́ríkà bá mú dọ́là kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú wọn, ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ á fi dọ́là kọ̀ọ̀kan kún un. Dọ́là kan á di mẹ́rin. Ìjọba àpapọ̀ wọn ti dáwọ́ owó tirẹ̀ dúró lẹ́yìn náà, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe kò wó.

Tiwa náà kò sùn. Àwọn dókítà wa tó wà l'Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ ANPA sílẹ̀ lọ́dún 1995, àwọn ti Britain dá MANSAG sílẹ̀ lọ́dún 1997. Wọ́n máa ń wálé wá tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó wà nílé níṣẹ́. Dókítà tó kàwé ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Britain lé ní 10,000. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá dáwó pọ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì, awakọ̀ àti agbálẹ̀ wa tó wà níbẹ̀, owó kékeré kọ́ ni.

Sáyẹ́ǹsì ńkọ́? Ẹlòmíràn á ní ti alákọ̀wé nìyẹn. Ẹ gbọ́ ná. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan jáde tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa ló wà nínú ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hadiza Galadanci ti Kano sì wà lára àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà. Kí ni wọ́n lò? Ọ̀rá kan ni, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí wọ́n fàlà sí lára kí nọ́ọ̀sì lè mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó ti dà. Bó bá ti dé ojú ìlà, gbogbo ìtọ́jú á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní í máa dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le koko, àti iṣẹ́ abẹ àti ikú tó ń tìdí ẹ̀ wá, fi bíi 60 nínú 100 dín kù. Owó ilé iṣẹ́ ọrẹ Gates ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe ìwádìí náà. Bí àjèjì bá ń dáwó torí ọmọ wa, ṣé ó yẹ kí àwa káwọ́ gbera?

Bàbá télọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó fọ̀ ọ́ lójú. "Ìyá onípọ̀nmọ́, ta ló máa tọ́jú owó ọ̀hún? Ṣé irú alága tó jẹ owó ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́sí náà ni?" Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni bàbá sọ. Ohun tó ń dá ọwọ́ àwọn ọmọ ìdálẹ̀ dúró gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ lọ bi àwọn oníṣègùn léèrè ohun tí wọn ò ní, kí wọ́n má ra ohun tí wọn ò bèèrè. Kí wọ́n má kó owó lé ẹnì kan lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí i ní báǹkì, kí obìnrin wà nínú wọn, kí ẹnì kan sì wà lókè òkun. Lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ọjà ni kí wọ́n ti sanwó tààrà, kí wọ́n lẹ rìsíìtì mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kí wọ́n ya owó àtúnṣe àti owó iná sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ tí kò ní alátùn-únṣe, irin àlòkù ni. Ìyá alájọ tó ń kó àjọ fún ogójì èèyàn láìsí pé kọ́bọ̀ kan sọnù, òun ló yẹ kó wá kọ́ wọn níṣirò.

Èyí kò ní kí ìjọba lọ sùn o. L'Abuja, lọ́dún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé náírà 15 nínú 100 owó ìṣúná á máa lọ sí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé bẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi fíríjì tọrẹ lẹ́nu rẹ̀ á gbà á láti bèèrè ìdí tí iná kò fi sí.

Ẹ̀yin ìyá lẹ máa ń sọ ohun tí ọmọ máa fi owó ṣe. Bí ẹ bá ní aṣọ ẹbí, aṣọ ẹbí ni. Bí ẹ bá ní kó sanwó Ìlera Èkó fún ẹbí lọ́dọọdún kí àìsàn tó dé, á san án. Bí ẹ bá ní kó dara pọ̀ mọ́ àwọn ará àdúgbò rẹ̀ fi nǹkan kan sí ilé ìwòsàn, á gbọ́.

Ohun kan sì wà tí ẹni tó wà ní Manchester kò lè fi ránṣẹ́. Ó lè ra fíríjì. Kò lè gba inú fóònù fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Ìyẹn, ọwọ́ àwọn tó wà nílé ló wà. Ẹni tó ti pé ọdún 18, tí ara rẹ̀ le, tó sì wúwo tó kílò 50, lè lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́rin. Alápatà Oko Ọba, mẹkáníìkì, wẹ́dà, ọ̀rọ̀ kàn yín.

Ẹgbẹ́ tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, kó kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà, kí àwọn yòókù lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, fóònù ìyá onípọ̀nmọ́ dún.

"Màmá, aṣọ wo la máa mú fún ìrántí ọdún kẹwàá Bàbá?"

"Ọkọ mi, àdúrà la máa fi ṣe ti bàbá ẹ, á gbọ́. Pe àwọn ọmọ Agege tó wà lọ́dọ̀ yín jọ. ₦400,000 yẹn, kò sóhun tí mo lè fi rà tó máa tù mí lára, àfi fíríjì ẹ̀jẹ̀. Mo ti fi ṣíwájú. Ẹ fi tiyín kún un."

Ọmọ dákẹ́ títí. Nígbà tó máa fọhùn, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá, orúkọ àbúrò mi la máa kọ sí i lára, àbí?"

"Má kọ orúkọ kankan sí i, ọmọ mi. Kó ṣáà ti máa tutù."