Ìwé Ìwáṣẹ́ àti Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí á máa sọ ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Kò sí oṣù kan tí àwọn ọ̀dọ́ wa kì í wá sí ọ́fíìsì kí ẹgbẹ́ bá wọn kọ ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fi mọ́ ìwé ìwáṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CV. Ẹ̀bẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn a fẹ́ kí á kọ ọ́ pé òun ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ọdún 5, nígbà tí ó jẹ́ pé ìpàdé méjì péré ni a rí ojú rẹ̀. Ẹlòmíràn a ní kí á bá òun dín ọdún 4 kúrò nínú ọjọ́ orí òun. Àwọn òbí mìíràn tilẹ̀ ń tẹ̀lé ọmọ wá, bí a bá sì kọ̀, wọn a fi ìbínú bi wá pé, “Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọmọ Yorùbá jẹun ni?”

A fẹ́ kí ọmọ Yorùbá jẹun. Ìdí tí a fi ń kọ̀ gan-an nìyẹn.

A kò sọ pé ọ̀lẹ ni ó ń lé àwọn ọmọ wọ̀nyí sí irọ́. Ilé-iṣẹ́ a máa kéde pé ẹni tí àwọn ń wá kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ, kí ó sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 5. Ọmọ tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì dá jókòó sílé fún oṣù 9 ní ọdún 2020, tí ó tún jókòó oṣù 8 ní ọdún 2022, níbo ni yóò ti rí ọdún náà? Ti àwa tí a wà ní Òkè Ọya tún wá le jù. Ọmọ tí a bí sí Sabon Gari, tí a bí bàbá rẹ̀ náà síbẹ̀, bí ó bá lọ wá iṣẹ́ ìjọba, wọn a ní kí ó lọ mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Bí ó bá dé ọ̀hún, wọn a bi í pé ọmọ agbo ilé wo ni, ta ni ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ó di àdán, kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ẹni tí ó bá ń fi ẹnu lásán bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí kò mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí irọ́ inú ìwé ń gbé èèyàn dé. Láti Kánò yìí ni Salisu Buhari ti lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní ọdún 1999, tí wọ́n sì fi í ṣe Olórí ilé náà. Ó ní ọdún 1963 ni a bí òun, àti pé òun gboyè ní Yunifásítì Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tí àwọn oníwèé-ìròyìn wádìí, ọdún 1970 ni a bí i, kò tíì pé ọmọ 30 ọdún tí òfin béèrè nígbà náà, yunifásítì náà sì ní kò gboyè lọ́dọ̀ àwọn. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó ti fi ipò sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kí ó san owó ìtanràn ₦2,000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì dárí jì í ní ọdún 2000. Àwọn kan ń fi èyí ṣe àwíjàre pé irọ́ kò ní ìyà. Ààrẹ wo ni yóò dárí ji ọmọ aláṣọ òkè tí a lé kúrò ní ibi iṣẹ́?

Ti ọmọ wa obìnrin, Kẹ́mi Adéòṣun, tún yàtọ̀. Ó fi ipò mínísítà ètò ìnáwó sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 nítorí ìwé ìyọ̀ǹda kúrò nínú iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ní ayédèrú ni. Ó ní àwọn kan ni ó bá òun gbà á, òun kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Ní ọdún 2021 ilé-ẹjọ́ dájọ́ pé iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn án, nítorí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà tí ó jáde yunifásítì. Ẹ wo nǹkan! Ìwé tí kò nílò ni ó lé e kúrò nípò. Ẹ̀yin tí ẹ ń fún “ẹnì kan” lówó kí ó bá yín “ṣètò” ìwé, ẹ gbọ́ o.

Àwa oníṣòwò mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó ń pàtẹ ata tí kì í kó èyí tí ó pupa jù sókè. Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó wà nísàlẹ̀ bá ti rà, oníbàárà kò ní padà wá, yóò sì sọ fún àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń yà wá lẹ́nu ni pé ata pupa pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, wọn kò kó o sókè. Ọmọbìnrin kan mú ìwé rẹ̀ wá, ó kọ ọ́ pé òun kò tíì ṣiṣẹ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ọdún 7 ni ó fi wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, òun ni ó ń kọ ìwé gbèsè, òun ni ó ń ka ọjà tí ó bá dé. Ó gbọ́ Haúsá bí ẹni mu omi, kò kọ ọ́ síbẹ̀! A bá a kọ gbogbo rẹ̀, ojú ewé kan kún, kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí, àwọn àgbà tí a kò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ lè búra ní kóòtù ní ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè bá wọn wí. Ti àwọn ọmọ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ti wà lọ́dọ̀ WAEC, ó wà ní báńkì, ó wà lórí NIN.

Ní ọdún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ kan fi ìwé kan ránṣẹ́ kí á jẹ́rìí sí i. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n fẹ́ kó jọ, ṣùgbọ́n ayédèrú ni. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta tí ìwé tiwọn jẹ́ òtítọ́ ni ilé-iṣẹ́ náà dá padà lẹ́yìn ìyẹn, láì bi wọ́n ní ohun kan. Ìwé yìí kan náà ni onílé ń wò kí ó tó gba àjèjì sílé, òun náà ni ọlọ́jà ń wò kí ó tó tà á ní àwìn.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí, kí ó mú káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ojúlówó ìwé ilé-ìwé rẹ̀ wá, pẹ̀lú àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n. Àwa yóò jókòó tì í kọ ọ́. A kì í gba owó lórí rẹ̀.