Orúkọ Kan fún Igi Méjì: Ọ̀ràn Ìrókò

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó ti yẹ kí ó rí fún igi inú igbó náà nìyẹn. Láti inú èdè Yorùbá ni àwọn oníṣòwò gẹdú àgbáyé ti yá ọ̀rọ̀ náà ìrókò, ṣùgbọ́n ẹ̀yà igi méjì ni wọ́n ń fi orúkọ kan ṣoṣo yìí tà: Milicia excelsa àti Milicia regia. Inú ìran Chlorophora ni wọ́n ń ka àwọn méjèèjì sí kí C. C. Berg tó gbé wọn sínú ìran Milicia ní 1982.

Excelsa ni ìrókò ilẹ̀ Yorùbá. Ó tàn láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Mòsáńbíìkì. Ní ti regia, láti Sẹ̀nẹ̀gà dé Gánà ni ibùgbé tirẹ̀ mọ. Nínú ẹ̀yà méjèèjì, igi akọ yàtọ̀ sí igi abo: òdòdó akọ gùn, ó sì rọ̀ wálẹ̀ bí ìrù, ti abo kúrú, ó sì ki. Iṣan ewé regia kò pọ̀ tó ti excelsa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti la igi náà sí pákó, ojú lásán kò lè yà wọ́n mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní 1998, àjọ IUCN ka excelsa mọ́ àwọn tí wọn kò tíì bọ́ sínú ewu ṣùgbọ́n tí wọ́n ti súnmọ́ ọn. Ó ka regia sí ipò tí ó burú ju ìyẹn lọ. Bí a bá ka igi méjèèjì pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀kan yóò bo ọ̀wọ́n èkejì mọ́lẹ̀. Gbígbìn kò sì rọrùn láti fi dípò gígé, nítorí kòkòrò Phytolyma a máa sọ ewé ọ̀dọ́ ìrókò di kókó, a sì máa pa á.

Àwọn kan lè wí pé orúkọ kan tó. Ó tó fún gbẹ́nàgbẹ́nà. Kò tó fún ẹni tí ń ka igi inú igbó. Kí ìrókò dúró fún excelsa. Kí regia máa jẹ́ ìrókò ìwọ̀-oòrùn, nítorí ibi tí ó ń gbé. Bákan náà, kí àwọn olùtumọ̀ má ṣe máa fi “inú ewu” túmọ̀ gbogbo ipò. “Ìtòsí ewu” bá ipò excelsa ti 1998 mu, “ipò ẹlẹgẹ́” sì bá ti regia mu. Kí “inú ewu” wà fún ipò tí ó le ju méjèèjì lọ. Ohun tí kò lórúkọ, ó ṣòro láti dáàbò bò.