Ajá tó fẹsẹ̀ ṣèṣe, ẹ jẹ́ kó sinmi
Ajá tí tàkúté mú lẹ́sẹ̀, àwa ò fara mọ́ ọn pé kẹ́ ẹ tà á fún ẹlẹ́ran. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dùn wá jù ni pé, tó bá ti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta báyìí, ẹ ó ní ó ti yá, ẹ ó tún mú un lọ lé ọ̀yà. Egungun tó ṣẹ́ lè tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó so pọ̀ o! (Ọ̀yà ò ní tán nínú igbó.) Ẹ pe dókítà ẹran kó bá a tò ó, kẹ́ ẹ wá so ajá náà síbi ibòji, ìgbà tó bá fẹ́ tọ̀ tàbí yàgbẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fokùn mú un jáde. Ibuprofen tẹ́ ẹ̀ ń lò sí ara ríro ńkọ́? Ẹ má fún un rárá. Inú àti kíndìnrín ajá ló ń bà jẹ́.